Ẹ Bi Ìyá Aláàrò: Bísíkíìtì eléròjà fún tíì ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúlọ́nà. Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, mo mẹ́nu kan bísíkíìtì oníyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo máa ń yan fún tíì ìrọ̀lẹ́ nílé mi ní Àjàṣẹ́, mo sì ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè kọ̀wé. Lẹ́tà ti dé láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, àti láti àdúgbò mi gan-an. Ti ìyàwó ilé kan ní Kétu ni mo fi ṣíwájú, torí pé ohun tó bèèrè ni ọ̀pọ̀ yín ń bèèrè, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa gùn jù.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Baálé mi kì í fi tíì ìrọ̀lẹ́ ṣeré. Tó bá ti kírun Alásàrì tán, ó di dandan kí ife tíì wà níwájú rẹ̀. Búrẹ́dì la máa ń fi tì í tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, èmi náà po ìyẹ̀fun, mo da ata àti atalẹ̀ sí i, mo sì yan án. Ó dùn lọ́jọ́ náà, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti rọ̀. Àwọn kan wú sókè, ìsàlẹ̀ wọn jó, inú wọn ò gbẹ. Ata rẹ̀ ń ta lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ta sánsán rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. — Ìyàwó ilé, Kétu

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú baálé. Omi ni gbogbo ẹjọ́ bísíkíìtì yìí. Èyí tí omi ṣẹ́ kù sí nínú nígbà tó kúrò lórí iná, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rọ̀. Èyí tó gbẹ dáadáa, tí a wá ṣí i sílẹ̀, yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Àwa tí a wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ mọ ìyẹn dunjú, àmọ́ tójò bá ti dé, ẹ̀yin ará Kétu náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, lé omi jáde kó tán nínú ààrò, má sì jẹ́ kó rí ọ̀nà padà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ibẹ̀ ló dá lé.

Ìwọ̀n tèmi nìyí: ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 250, iyọ̀ ṣíbí tíì 1 tí kò kún yọ, ṣúgà ṣíbí tíì 1, páódà tí ń mú kéèkì wú ìdajì ṣíbí tíì, òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun 4, àti omi tútù bíi mílílítà 90. Ṣúgà yẹn kò sí fún adùn. Òun ló ń ran ojú bísíkíìtì lọ́wọ́ láti pọ́n dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ló fẹ́ràn bọ́tà, bọ́tà sì dùn lóòótọ́. Àmọ́ nínú gíráàmù 100 bọ́tà, nǹkan bíi 16 jẹ́ omi. Òróró ò ní omi. Fún bísíkíìtì tí a fẹ́ kó pẹ́ nínú agolo lójú ọjọ́ tiwa, òróró ni mo fara mọ́.

Wàyí o, ó ku èròjà. Ibí gan-an ni ọkàn mi wà. Ata gígún nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè ta, ṣùgbọ́n kò lè fún ọ ní ìtasánsán tí ò ń wá. Ìyèré ni kó o fi ṣe olórí. Ìyèré yìí kan náà tí àwọn ìyá wa ń sè sínú ọbẹ̀ ìyálọ́mọ, òun ni mo ń rà ní ọjà Wàndó, ní hóró. N kì í ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Mú ìdajì ṣíbí tíì ìyèré, kànáfùrù 2, àti ẹ̀ẹ̀rù 2. La ẹ̀ẹ̀rù náà, kó o gbọn hóró inú rẹ̀ dànù, torí hóró yẹn korò. Èèpo rẹ̀ ni òórùn dídùn wà. Da gbogbo rẹ̀ sínú agbada gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́, máa rò ó títí ìtasánsán rẹ̀ yóò fi kún ilé ìdáná. Kì í pẹ́ rárá, nítorí náà má kúrò nídìí rẹ̀. Bó bá ti ń rú èéfín, ó ti kọjá ààlà, yóò korò. Jẹ́ kó tutù, gún un kúnná, fi asẹ́ kù ú.

Òróró inú èròjà ló gbé òórùn rẹ̀. Iná díẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀, bí a bá sì ti lọ èròjà, ojoojúmọ́ ni òórùn yẹn ń sá lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá fi ń ta lẹ́nu lásán. Èyí tó o máa lò lónìí ni kó o gún lónìí.

Ní ti atalẹ̀, gbígbẹ tó ti kúnná ni mo ń lò, ṣíbí tíì 1. Tútù ń gbé omi wọlé. Bó bá jẹ́ tútù nìkan lo ní, rin ín, fún omi rẹ̀ sínú ife, kó o sì ka omi náà mọ́ mílílítà 90 tí mo sọ. Ẹni tó bá fẹ́ atare, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì ti tó, torí atare kì í fọwọ́ ẹlòmíràn ṣe agbára. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Àgùdà ni, kànáfùrù ló fẹ́ràn ju gbogbo èròjà lọ, ó sì máa ń ní kí n fi kún un. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ nínú ìwọ̀n yìí, kànáfùrù tó bá ti ju 2 lọ, òun nìkan ni ahọ́n máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti irú kún un, kó tó di pé mo gbàgbé. Irú tí a sá gbẹ háún-háún, tí a tún yan díẹ̀ nínú ààrò tí kò gbóná jù, tí a wá gún, ṣíbí tíì 1 rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun yìí ń ṣe bẹbẹ. Àwọn kan á ní irú ò bá tíì tan. Kí wọ́n tọ́ ọ wò ná. Tíì tí kò ní ṣúgà púpọ̀ àti bísíkíìtì onírú, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Irú tútù nìkan ni kí a má fi sí i, ọ̀rọ̀ omi náà ni.

Po iyọ̀, ṣúgà, páódà àti èròjà mọ́ ìyẹ̀fun ní gbígbẹ. Da òróró sí i, fi ìka rà á títí tí kò fi ní sí ibi tí òróró ti dá wà. Ẹ̀yìn náà ni kó o máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti lè dì mọ́ra, ó tó, kódà bí omi bá ṣẹ́ kù sínú ife. Má gbò ó bí ẹni ń gbo ti búrẹ́dì. Àlìkámà ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní gúlúténì, òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò máa fà. Búrẹ́dì nílò rẹ̀ gan-an. Bísíkíìtì tí a bá gbò jù, yóò máa súnkì bí a bá ti ń tẹ́ ẹ, yóò sì le dípò kó rún. Bò ó, jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó o bá ń tẹ́ ẹ, tó bá ṣì ń fà padà, tún fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má bá a jà.

Ìgò tí a fọ̀ mọ́ tó láti fi tẹ́ ẹ. Pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó fẹ́lẹ́ tó mílímítà 2. Bó o bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó o rí òjìji ọwọ́ rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́ kò lè jinná pọ̀. Ibi kan á jó, ibi kan á tutù. Gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin, kó o sì fi fọ́ọ̀kì gún gbogbo ojú rẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀. Fífi fọ́ọ̀kì gún un yìí ni mo rò pé o fò, ọmọ mi. Omi inú rẹ̀ máa di ooru tó bá dé inú ààrò. Bí kò bá rí ihò jáde, yóò ti ojú bísíkíìtì sókè, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á jó, omi á há sáàárín. Ohun tó o kọ sínú lẹ́tà rẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ooru 180 °C ni ààrò gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì wa kò ní ohun tí a fi ń wo ooru, nítorí náà wọ́n ìyẹ̀fun ṣíbí kan sórí páànù, tì í sínú ààrò tó ti gbóná, kó o wo aago. Bí ìyẹ̀fun náà bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ààrò ti ṣe tán. Bó bá dúdú, dín iná kù. Bísíkíìtì yóò lo ìṣẹ́jú 12 sí 15, kó o yí páànù padà láàárín, torí ẹ̀yìn ààrò sábà máa ń gbóná ju iwájú lọ. Nígbà tí etí wọn bá ti pọ́n, pa iná, ṣí ilẹ̀kùn ààrò díẹ̀, kó o fi wọ́n síbẹ̀ títí ààrò yóò fi tutù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kánjú gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ ìgbà yìí ni ìyókù omi ń jáde láìjẹ́ pé bísíkíìtì jó.

Má kó o sínú agolo bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru ara rẹ̀ yóò lágùn sí ara ìdérí, omi náà á tún kán padà sórí rẹ̀. Jẹ́ kó tutù pátápátá, kó o wá kó o sínú agolo tàbí ike tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa. Má sì kó o pọ̀ mọ́ kéèkì. Kéèkì ní omi lára, bísíkíìtì á fà á mu, àwọn méjèèjì á bàjẹ́: kéèkì á gbẹ, bísíkíìtì á rọ̀. Èyí tó ti rọ̀ nílé rẹ báyìí, tó bá ṣì ń ta sánsán tí kò sì hu, tún tì í sínú ààrò tí kò gbóná jù fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, yóò tún gbẹ.

Ìbéèrè: Tàǹtí mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́, yàrá kan ni mò ń gbé, ẹsẹ̀ gáàsì kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ẹni tí kò ní ààrò lè yan bísíkíìtì yìí? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Ó lè yan án dáadáa, àbúrò mi. Wá ìkòkò irin tó nípọn, tó sì ní ìdérí. Da yanrìn mímọ́ tó gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó ìka méjì ní dídùbúlẹ̀. Gbé òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí agolo kékeré tí a ti ṣí lójú sórí yanrìn náà, òun ni páànù rẹ máa jókòó lé. Bò ó, fi iná àárín sí i fún bíi ìṣẹ́jú 15 kó o tó gbé bísíkíìtì wọ inú rẹ̀. Yanrìn ló ń pín ooru kárí, kí iná má bàa bá páànù jà lójú kan.

Ooru ìsàlẹ̀ nìkan ló wà nínú ìkòkò, nítorí náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ dojú wọn dé. Ohun tó tún yàtọ̀ ni pé ìkòkò ń há ooru omi mọ́nú ju ààrò lọ. Bí ó bá ku díẹ̀ kó jinná, sún ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ooru náà lè ráyè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í gbẹ láéláé.

Gbọ́ èyí dáadáa, torí mo mọ bí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí. Má lo ìkòkò tí wọ́n kùn nínú kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Gbígbóná láìsí omi tàbí òróró nínú ń ba kíkùn yẹn jẹ́. Ṣí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì gbà ọ́ níyànjú láti kó èédú sórí ìdérí, ìta gbangba nìkan ni kó o ti ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ mi, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú nínú yàrá títì kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ìbéèrè: Ìyá Aláàrò, mo kí ọ láti Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n jáwọ́ nínú gbogbo bísíkíìtì oníyọ̀. Ṣé ọ̀nà míì wà? Kajú pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ǹjẹ́ a lè lò ó? — Bàbá tíṣà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ò ní ṣàìsàn o. Àwọn ọmọ yín fẹ́ràn yín ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 1. Ìwọ̀n tí mo fún ọmọ wa ní Kétu lókè yìí ní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní ó di bísíkíìtì 50, ẹni tó jẹ mẹ́wàá ti jẹ gíráàmù kan, ọbẹ̀ alẹ́ ò sì tíì dé. Fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì sí i. Kò ní í tẹ́ lẹ́nu, torí ìyèré, atalẹ̀ àti kànáfùrù máa gba iṣẹ́ náà ṣe. Kí wọ́n má fi magí dípò iyọ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú náà, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á, àwọn kan ti fi iyọ̀ sí i kó lè pẹ́. Iye èyí tí ẹ lè jẹ lóòjọ́, dókítà yín ló mọ̀ ọ́n, ẹ bi í.

Kajú yín ni mo ń jowú. Ẹ yọ gíráàmù 50 nínú ìyẹ̀fun, ẹ fi gíráàmù 50 kajú tí a yan láìfi iyọ̀ sí, tí a sì gún, dípò rẹ̀. Kajú ní òróró nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ẹ dín òróró kù sí ṣíbí ìjẹun 2 àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, torí kajú tètè ń jó. Èyí tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti bó ni kí ẹ rà o. Kí àwọn ọmọ má ṣe gbìyànjú láti sun hóró tó wà nínú èèpo nílé. Oje inú èèpo yẹn ń bó èèyàn lára, èéfín rẹ̀ náà sì léwu.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ máa yan án tà. Ìyẹ̀fun àlìkámà wọ́n. Ṣé mo lè da láfún tàbí gààrí mọ́ ọn? — Ìyá ọlọ́jà, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Kò yà mí lẹ́nu pé ó wọ́n, ọkọ̀ òkun ló ń gbé àlìkámà wá bá wa. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan ni kó o fi dípò ìdá mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn bíi gíráàmù 60 nínú 250. Kò ní gúlúténì, nítorí náà yóò máa já bó o bá ń tẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ sáàárín ọ̀rá méjì. Láfún ti kan, òórùn rẹ̀ máa bo èròjà mọ́lẹ̀, n kò ní gbà ọ́ níyànjú rẹ̀. Gààrí tí a tún lọ̀ kúnná, tí a kù, ìyẹn dùn gan-an: kíkan rẹ̀ díẹ̀ bá ìyèré lọ. Àmọ́ ó ń mu omi, fi ṣíbí ìjẹun omi 1 tàbí 2 kún un, kó o sì jẹ́ kó sinmi pẹ́ díẹ̀ sí i. Jọ̀ọ́, sọ fún oníbàárà ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá tó o bá fi kajú tàbí ẹ̀pà sí i. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà lè pa.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ṣé a ò kúkú lè dín in? Tíì wo ló sì bá a mu jù? — Òǹkàwé, Kétu

Ìdáhùn: Bó o bá dín in, ó ti di ṣinṣín nìyẹn, mo sì fẹ́ràn ṣinṣín. Ṣùgbọ́n òróró tó fà mu yóò tètè gba òórùn burúkú nínú agolo, kì í pẹ́ tó ti ààrò.

Tíì tó wà lọ́kàn mi ni tíì dúdú gidi, tó ki, tí ṣúgà rẹ̀ kò ju ṣíbí tíì 1 lọ. Tíì ewé, èyí tí a fi kooko ọba sè, bá onírú àti onígààrí mu ju alátalẹ̀ lọ, torí òun àti atalẹ̀ máa ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí wàrà àwọn Fúlàní bá wà nílé, gé e pẹlẹbẹ, dín in fẹ́ẹ́rẹ́, gbé e lé bísíkíìtì náà, kó o jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Má ṣe tò wọ́n sílẹ̀ de àlejò. Wàrà náà ní omi nínú.